Ẹ Má Kọ Nǹkan Kan Sábẹ́ Fídíò Ilé Wa

Ìwọ tó ń kà á, mo bẹ̀ ọ́, fara balẹ̀. Bí o bá rí fídíò ilé kan lórí fóònù rẹ, ilé funfun kan létí omi, tí kọ́tìnì rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, tí ẹnì kan ń fi ohùn dídùn sọ pé kí o wá máa jí sójú omi láràárọ̀, fi ìka rẹ tì í kọjá. Má tẹ ọkàn pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Má kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀. Bí inú bá bí ọ, má bú ẹni tó gbé e síbẹ̀. Pàápàá jù lọ, má bú u. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ilé mi ni.

Kì í ṣe ilé mi nìkan. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo purọ́. Bàbá wa ló kọ́ ọ. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún. Àbúrò mi lọ sáàárín ìlú, ó ń ta ilé onílé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èmi dúró. Káfíńtà ni mí, ọkọ̀ ojú omi ni mò ń tún ṣe. Pákó tó bá ti jẹrà lára ọkọ̀, màá yọ ọ́, màá fi tuntun sí i. Ìyàwó mi ń fọ aṣọ fún àwọn èèyàn, ó ń lọ̀ ọ́. Pálọ̀ ni tábìlì tó fi ń lọ aṣọ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, nítorí afẹ́fẹ́ omi.

Nígbà tí bàbá wa kú, àbúrò wọn obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Aláṣọ, jókòó sáàárín èmi àti àbúrò mi. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ìjà. Ẹni tó ń gbé inú ilé ni kó máa gbé e lọ. Kò sẹ́ni tó lè tà á, àfi bí ẹni tó ń gbé inú ẹ̀ bá fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ lójú ẹlẹ́rìí pé ó yá. Wọ́n na ìka sí wa. "Ẹnu ẹ̀ ni o. Kì í ṣe pé ẹnì kan gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan." Àwa méjèèjì ní a gbọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n máa sùn dáadáa nìyẹn. Tẹ́lẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń fi ọ̀dà dí ìdí ọkọ̀ kan lẹ́yìnkùlé, ni mo gbọ́ ohùn nínú ilé. Kì í ṣe ohùn ìyàwó mi. Mo gba ẹ̀yìn wọlé pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ló dúró sí pálọ̀ wa. Obìnrin náà gbé fóònù sókè. Ó wo fóònù, ó wo ògiri, ó tún wo fóònù.

"Kì í ṣe ibí," ó sọ fún ọkọ ẹ̀. "Ti inú fídíò tóbi jùyí lọ."

"Ibí náà ni. Wo fèrèsé yẹn."

"Kí wá ni tábìlì áyọ́ọ̀nù ń wá níbí?"

Ìyàwó mi dúró ti tábìlì ẹ̀. Ó ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo ewúrẹ́ tó ṣìnà wọlé.

Mo kí wọn. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o. Ta lẹ̀ ń wá?"

Ọkùnrin náà wo òòlù, ó wá wo ojú mi. "Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣọ́ ilé?"

"Èmi ni mò ń gbé ilé."

"Ó dáa. Ẹ bá wa ṣí yàrá tó kọjú sómi. Wọ́n ní èèyàn lè máa wo omi látorí bẹ́ẹ̀dì."

Orí bẹ́ẹ̀dì mi ló ń sọ.

Nígbà tí obìnrin náà rí i pé mi ò kúrò lójú ọ̀nà, ó yí fóònù sí mi. Mo wò ó. Pálọ̀ wa ni, ṣùgbọ́n kò sí tábìlì, kò sí apẹ̀rẹ̀ aṣọ, kò sí àga mi tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kúrú. Ilẹ̀ ń dán. Lẹ́yìn náà, fèrèsé. Lẹ́yìn náà, omi, ó tẹ́ lọ bí aṣọ tí ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Kọ́tìnì ń fẹ́ wọlé, ó ń fẹ́ jáde. Ohùn kan wá ń sọ pé, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ títí tó fi rẹ̀ yín, ilé ìsinmi yín rèé. Ẹ wá máa jí sójú omi láràárọ̀."

Ohùn àbúrò mi.

Mo rántí ọjọ́ tó ya fídíò yẹn. Ó ra búrẹ́dì wá fún wa. Ó ní àwọn ọmọ òun tó wà lókè òkun fẹ́ rí ilé bàbá bàbá wọn. Èmi àti ẹ̀ la jọ gbé tábìlì jáde. Ìyàwó mi fi ọṣẹ fọ ilẹ̀, ó tún fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́ lọ́jọ́ náà, ni àbúrò mi bá ní kí n sá sẹ́yìn ògiri, kí n máa fi páálí fẹ́ kọ́tìnì. Mo fẹ́ ẹ títí apá fi ń ro mí. Mò ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwọn ọmọ ni mò ń fẹ́ ẹ fún.

"Ẹ jáde," mo sọ fún àwọn méjèèjì.

Ọkùnrin náà ní, "Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ pè wá."

"Mo ní ẹ jáde."

Òòlù ni wọ́n gbọ́, wọn ò gbọ́ ohùn mi. Wọ́n jáde. Obìnrin náà ń kùn lọ: "Ẹ wo ojú bí i ti ọlọ́ṣà! Ta ló máa bá irú èyí dúnàá-dúrà?" Mo dúró sójú fèrèsé títí mọ́tò wọn fi lọ. Kódà nígbà tó lọ, mo ṣì dúró.

Mo pe àbúrò mi lórí fóònù.

"Bọ̀dá mi! Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ta ló ní kó o ta ilé?"

"Ta ló ń ta ilé? Ìpolówó lásán ni. Mo kàn fẹ́ mọ iye tí ọjà máa pè é ni."

"Orí bẹ́ẹ̀dì mi ni wọ́n fẹ́ dùbúlẹ̀ sí!"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju ohun tó ṣe lọ. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ ti ń gbádùn omi yẹn láti ìgbà tí bàbá ti kú. Láti òkèèrè ni èmi ń gbóòórùn ẹ̀. Ṣé bàbá ọ̀tọ̀ ló bí mi ni?"

"Yọ ọ́ kúrò níbẹ̀."

"Mi ò yọ ọ́."

"Mo ní yọ ọ́!"

"Ẹ lọ yọ ọ́ fúnra yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ fóònù lò." Ó pa á mọ́ mi létí.

Ìyàwó mi ò gbójú sókè. Ó ní, "Ọ̀gá Fídíò rèé o." Orúkọ tó ń pe àbúrò mi nìyẹn, látìgbà tí iṣẹ́ yẹn ti gun orí ẹ̀.

Mo mọ̀wé díẹ̀. Mo fi iléèwé sílẹ̀ kí wọ́n tó dé ibi tó le. Bí mo bá ń kọ nǹkan, àfi kí n máa sọ ọ́ jáde lẹ́nu kí n tó mọ lẹ́tà tó kàn. Ọmọbìnrin wa, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn, ló ra fóònù fún mi, òun náà ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wá nǹkan lórí ẹ̀. Mo wá fídíò yẹn títí mo fi rí i. Mo rí ibi tí àwọn èèyàn ń kọ̀wé sí lábẹ́ ẹ̀. Wọn ò tíì pọ̀. Ẹnì kan ní ilé náà rẹwà. Ẹnì kan ń béèrè bóyá wọ́n gba ajá láyè.

Mo kọ tèmi, mò ń sọ ọ́ jáde bí mo ṣe ń kọ ọ́: "Irọ́ ni o. Ilé yìí kò sí fún títà. Èèyàn ń gbé inú ẹ̀. Ẹ má wá."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo ní ó parí. Mo padà sídìí ọkọ̀ mi.

Mi ò tíì jẹun ọ̀sán tí fóònù ti ń ké. Ẹnì kan tó pe ara ẹ̀ ní Ọmọ Ìgboro ti kọ ọ́ pé, "Bàbá ayálégbé, ẹ kẹ́rù yín, ẹ yéé pariwo." Obìnrin kan tó pe ara ẹ̀ ní Màmá Ẹlẹ́rìn-ín ní, "Ẹ̀rù ń ba dádì o! Ẹ fún wọn lómi mu, omi kúkú wà níbẹ̀." Lábẹ́ ẹ̀, àwòrán ojú kéékèèké to jọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Àwọn tí mi ò rí rí láyé mi. Kí ni mo ṣe fún wọn?

Mi ò lè jẹ́ kí èébú sùn mọ́ mi lára. Mo dá Ọmọ Ìgboro lóhùn pé bàbá ẹ̀ ni ayálégbé. Mo ní kí Màmá Ẹlẹ́rìn-ín lọ fẹ́ iná sábẹ́ ìkòkò ọkọ ẹ̀. Wọ́n tún dá mi lóhùn. Mo tún dá wọn lóhùn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n ti pọ̀ bí eéṣú.

Mo wá ronú pé èébú ò lè lé wọn. Kí n fi ẹ̀rù bà wọ́n. Mi ò purọ́, gbogbo ohun tó ń ṣe ilé náà ni mo kọ síbẹ̀. Mo kọ ọ́ pé bí òjò bá pọ̀, omi máa ń gun àtẹ̀gùn wa, ó máa ń fẹ́ wọlé. Mo kọ ọ́ pé kòkòrò ti jẹ òpó ẹ̀yìn tó wà lápá òsì, èmi ni mo fi igi líle dè é. Páànù orí kíṣìnì ń jò bí afẹ́fẹ́ bá ti ojú omi wá. Ilẹ̀kùn iwájú máa ń wú, àfi kéèyàn fi èjìká tì í. Ẹ̀fọn wà. Àkèré ń ké. Mo kọ ọ́ lọ́jọ́ dé ọjọ́, èyí tí mo bá ti rántí.

Àwọn èèyàn wá ń wá gan-an. Mi ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kan gba ojú títì wá, àwọn kan gba ojú omi. Ọkùnrin kan gbé fóònù sókè, ó ń ya ara ẹ̀ níwájú ilé wa. Ó rí mi lójú fèrèsé, ó kígbe pé, "Òun rèé! Bàbá Ò-Sí-Fún-Títà! Ẹ juwọ́ sí wa!" Orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ mi. Àwọn tó ń gbé ọkọ̀ wá fún mi láti tún ṣe náà gbà á. "Bàbá Ò-Sí-Fún-Títà, ṣé ọkọ̀ mi ti yá, àbí òun náà ò sí fún gbígbà?"

Mo gbé pákó dábùú ẹnu géètì. Wọ́n ń gba orí ẹ̀ fò. Mo ti fèrèsé pa, ooru áyọ́ọ̀nù kún pálọ̀. Ìyàwó mi fi ọwọ́ ẹ̀yìn nu iwájú orí ẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń tẹ̀ lórí fóònù yẹn gan-an?"

"Mò ń lé wọn ni."

"Ẹ̀ ń lé wọn? Wọ́n ń pọ̀ sí i."

"Á sú wọn."

"Ẹ̀yin ló máa kọ́kọ́ sú. Ẹ ṣí fèrèsé, mo fẹ́ mí."

Mi ò ṣí i. Mọ́tò kan dúró lódì kejì, iná ẹ̀ ò kú, ẹni tó wà nínú ẹ̀ ò jáde. Mò ń ṣọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnì. Ó dúró títí. Nígbà tó lọ, ara mi ò balẹ̀ ju ìgbà tó wà níbẹ̀ lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni ọkùnrin kan wọ abẹ́ fídíò yẹn. Ó pe ara ẹ̀ ní Owó Ò Ṣòro. Ó kọ ọ́ pé, "Pákó tí wọ́n kùn lọ́dà lásán. Ta ló kọ́ ìdọ̀tí yìí? Owó oúnjẹ ajá mi tó láti rà á." Mo kà á, mo tún un kà. Bàbá mi ló ń bú. Bàbá mi tó dúró nínú omi títí dé àyà láti ri òpó mọ́lẹ̀.

Mo dìde dúró láti kọ ọ́. Mò ń pariwo bí mo ṣe ń kọ ọ́: "Ajá bàbá ẹ ni! Ọwọ́ bàbá mi ló kọ́ ilé yìí. Bí kì í bá ṣe iye báyìí ló wà lọ́wọ́ ẹ, má dárúkọ ẹ̀ mọ́ láyé!" Mo sì pe iye kan síbẹ̀. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ó pọ̀ débi pé ẹ̀rín ló yẹ kó pa ẹni tó bá kà á. Iye tí mo pè kí wọ́n lè gbẹ́nu dákẹ́ ni.

Ìyàwó mi dá iṣẹ́ dúró. "Kí lẹ sọ yẹn?"

"Mò ń fún ẹnì kan lésì ni."

"Mo gbọ́ iye tẹ́ ẹ pè."

"Ta ló ní i? Kò sẹ́ni tó ní i."

Ó gbé áyọ́ọ̀nù padà sórí aṣọ.

Ọ̀gá Fídíò fúnra ẹ̀ ló dé lẹ́yìn ìyẹn. Ó fò lórí pákó tí mo fi dábùú géètì, ó wọ bàtà wọlé. Ó na ọwọ́ sí mi bí ẹni tó fẹ́ bọ̀ mí lọ́wọ́.

"Bọ̀dá mi! Ẹ jẹ́ n dọ̀bálẹ̀ fún yín. Olùpolówó ńlá!"

Mo ní, "Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Ẹ ò mọ̀? Wọn ò sọ fún yín?" Ó bọ́ sórí àga mi tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrú, ó mì, ó di tábìlì mú. "Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ṣe kí fídíò ilé wọn tó rìn? Wọ́n ń sanwó fún àwọn tó ni ẹ̀rọ yẹn. Èmi ò san kọ́bọ̀. Ẹ̀yin lẹ bá mi tì í. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá bú ẹnì kan, ó ń gòkè. Tónítọ̀hún bá bú yín padà, ó tún ń gòkè. Ẹ̀rọ yẹn ò mọ èébú yàtọ̀ sí ìyìn, Bọ̀dá. Ohun tó mọ̀ ni pé èrò wà níbẹ̀, á wá lọ pe èrò sí i."

Mo ní, "Irọ́ ni."

"Fídíò ilé mìíràn tí mo gbé síbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà ńkọ́? Ilé tó rẹwà ju èyí lọ? Èèyàn méjì ló kọ nǹkan sí i, ìyá ìyàwó mi wà nínú wọn." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Èmi ni mo ya á, ẹ̀yin lẹ tà á."

"Mi ò ta nǹkan kan. O mọ ohun tí Àǹtí sọ. Àfi tí mo bá fẹnu mi sọ ọ́."

Ẹ̀rín kúrò lójú ẹ̀. Ó wá di ẹni tí mo mọ̀ láti kékeré, ẹni tó máa ń já nǹkan gbà.

"Ẹ ti sọ ọ́. Ẹ pe iye. Agbẹjọ́rò kan ti kà á, obìnrin ni, ó ní òun gbà. Gbogbo ẹ̀. Kò yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Mò ń mú òun àti Àǹtí bọ̀. Ẹ bá wa tún ilé ṣe díẹ̀." Ó bojú wo tábìlì. "Kẹ́ ẹ sì gbé ìdọ̀tí yìí kúrò níbẹ̀."

"Ìdọ̀tí tó ń bọ́ wa ni," ìyàwó mi dá a lóhùn. "Ẹ rọra jókòó, Ọ̀gá Fídíò, àga yẹn ò mọ ẹni ńlá."

Nígbà tó lọ, ìyàwó mi yíjú sí mi. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ní, "Ẹ fẹnu ara yín pè é. Etí mi yìí ló gbọ́ ọ." Láti ìgbà náà, oúnjẹ nìkan ló ń gbé fún mi, kò gbé ọ̀rọ̀.

Mo ti fóònù sí abẹ́ pákó. Mi ò tún bú ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ti pẹ́ jù.

Ọ̀sán ni wọ́n dé, nígbà tí oòrùn ń tan látorí omi wọ pálọ̀. Àǹtí Aláṣọ di àbúrò mi lápá mú, eékún wọn ò gbé wọn dáadáa mọ́. Agbẹjọ́rò náà tẹ̀ lé wọn. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò kọjá ọjọ́ orí mi púpọ̀, kò pariwo, kò rẹ́rìn-ín. Òun ni mo bẹ̀rù jù. Ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn iwájú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ó lọ tààrà sí ẹ̀yìn, ó fọwọ́ kan òpó apá òsì, ó wo okùn àti igi tí mo fi dè é. Ó wọ kíṣìnì, ó gbójú sókè sí páànù.

Ó padà wá, ó jókòó. Ó ní, "Ẹ káàsán, sà. Ilé tí mo ti wò lórí fóònù pọ̀. Gbogbo wọn ló rẹwà. Bí mo bá débẹ̀, ẹrẹ̀ ni mò ń bá. Tiyín nìkan ni mo rí tí ẹnì kan sọ òótọ́ lábẹ́ ẹ̀. Mo ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, àti èébú ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ tà á fún mi, kì í ṣe àbúrò yín. Èmi ò gba fídíò gbọ́."

Àbúrò mi tẹ́rí ba bí ẹni tí wọ́n ń yìn.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Àǹtí. Mo ní, "Àǹtí, mi ò tà á. Mi ò fẹ́ tà á."

Àǹtí ní, "Dìde, ọmọ bọ̀dá mi. Mo gbọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n àbúrò ẹ ní o pe iye."

"Ó wà nínú fóònù, Àǹtí," àbúrò mi sọ. "Ẹ wò ó."

Wọ́n ti fóònù náà padà sí i. "Èmi ò mọ̀wé. Kí ni mo fẹ́ wò níbẹ̀? Ìwọ náà lè kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́. Ẹnu ẹ̀ ni mo ní." Wọ́n yíjú sí mi, ojú wọn ò le, ìyẹn ló burú. "Gbọ́ mi. Mo ta aṣọ látìgbà tí mo wà lọ́mọge títí ẹsẹ̀ mi fi kọ̀ mí. Ìgbà tí mi ò bá fẹ́ ta aṣọ, mi ò ní í pe iye. Bí mo bá ti pe iye, tí oníbàárà sì ní òun gbà, mo ti tà á nìyẹn. Mi ò lè ká a padà, kódà kí n máa sunkún. Bí mo ṣe jẹun láàárín èèyàn nìyẹn. Mi ò ní í tìtorí ọmọ bọ̀dá mi yí i padà. Nítorí náà, máa wo ojú mi. Ṣé o fẹnu ẹ pe iye ilé yìí?"

Mo ti pè é. Mo pè é lóòró, mo pariwo ẹ̀. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ilé ti lọ. Bí mo bá ní rárá, Àǹtí ni mo purọ́ fún, ẹni tó pọ̀n mí.

Mo pa ẹnu mi dé.

"Mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀."

Mo wo ilẹ̀. Mo wo orí ìṣó kan lára pákó ilẹ̀, bàbá wa ló kàn án.

Àbúrò mi mọ̀ mí. Ó mọ̀ pé èébú kì í sùn mọ́ mi lára. Ó sún mọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ wò ó. Ọkùnrin tó ń bú gbogbo ayé lórí fóònù. Ahọ́n ẹ̀ ti gbẹ."

Mi ò dá a lóhùn.

"Bọ̀dá, pákó jíjẹrà ni iṣẹ́ yín, ẹ̀yin náà ti wá dà bí ẹ̀. Ta ló máa yọ yín, kó fi tuntun sí i?"

Mo ka orí ìṣó kan tẹ̀ lé òmíràn. Eyín mi ń ro mí.

"Ìyàwó yín ń fọ ṣòkòtò àwọn ọkùnrin kiri kẹ́ ẹ tó lè jẹun. Ẹ ò tijú? Ẹ dá mi lóhùn!"

Mo gbọ́ tí áyọ́ọ̀nù kanlẹ̀ lórí tábìlì. Mi ò gbójú sókè.

Ó wá rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀. "Kí bàbá tó kú, wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀rù yín ló ń ba àwọn. Pé ẹ̀yin ò lè dá nǹkan kan ṣe láyé yín. Ìdí tí wọ́n fi fi yín sílé nìyẹn. Àánú."

Ẹnu mi ṣí. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, ẹnu mi ṣí. Ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n mi, mo fẹ́ sọ fún un pé irọ́ ló ń pa, pé èmi ni mo di orí bàbá mú nígbà tí wọ́n ń mí kẹ́yìn, òun ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí agbẹjọ́rò náà. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀ lórí àga, ó ń wo ẹnu mi bí ẹni tó ń wo ẹja tó fẹ́ gbé ìwọ̀. Mo pa á dé. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹ̀.

"Ó tó," Àǹtí sọ fún àbúrò mi. "Jókòó. O ti sọ̀rọ̀ ju oníbàárà lọ."

Omi ń lu òpó nísàlẹ̀ ilé. Àǹtí mí kanlẹ̀, wọ́n yí ara wọn padà lórí àga díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi kọjú sí ìyàwó mi.

"Ìwọ, ìyàwó. Látìgbà tí wọ́n ti gbé ẹ wọlé yìí, o ò purọ́ fún mi rí. O wà nínú pálọ̀ yìí láàárọ̀, o wà níbẹ̀ lálẹ́. Ọkọ ẹ máa ń sọ ọ̀rọ̀ jáde tó bá ń kọ̀wé, àwa tá a mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Bí ìwọ náà ò bá jẹ́rìí sí i, kò sí títà. Ṣé ó pe iye?"

Àbúrò mi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ bá wa sọ ọ́, ìyàwó wa. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wà hù."

Ìyàwó mi wò mí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ yẹn, ó wò mí. Kò sí àánú lójú ẹ̀. Inú ṣì ń bí i, mo rí i, bóyá kò ní tán láéláé. Ó mú ṣẹ́ẹ̀tì kan nínú apẹ̀rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fọwọ́ na kọ́là ẹ̀.

"Àǹtí, mo ti kí yín káàbọ̀," ó ní. "Mo ti béèrè àlàáfíà ara yín. Mo ti fún yín lómi."

"Mo mọ̀. Èsì ìbéèrè mi ni mo fẹ́."

Ó gbé áyọ́ọ̀nù lé kọ́là náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, oru gòkè.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní. "Ọ̀rọ̀ mi tán."